Dákẹ́-ná Kúnlẹ̀ fún Ọmọ Ọdún Méjì

Wọ́n ní Màmá Dákẹ́-ná kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ojúmọmọ ni, nínú yàrá ọmọ ọwọ́, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kan sìmẹ́ńtì, ó sì bẹ ọmọ náà pé kó foríji òun. Ẹnu obìnrin kan tó ń gán bọ́tìnnì ní ilé iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti fi kún un pé ó sunkún, pé ọmọ náà sì gbé ọwọ́ lé e lórí bíi bíṣọ́ọ̀bù.

Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Kíkúnlẹ̀ yẹn, mo gbà á, nítorí orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bá ọmọ tó ń rá sọ̀rọ̀ kò lè dúró gbọnrangandan bí òpó iná. Èyí tí mi ò gbà ni pé ó ní òun jẹ̀bi. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti mọ obìnrin náà nígbà yẹn, yàrá rẹ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ti kọ́ ìrìn, Ọlọ́run sì ni ẹlẹ́rìí mi, mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

Òun ló ń mójú tó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní ilé ìtọ́jú ọmọ tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà ibi méjèèjì. Àwa ìyá wà lápá kan, à ń ránṣọ. Àwọn ọmọ wà lápá kejì, wọ́n ń sùn, wọ́n ń rá, wọ́n ń bu ara wọn jẹ. Bí ọgọ́rin ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ yàrá yẹn á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bíi pé òtútù ń mú un. Tó bá di aago méjìlá, tí wọ́n pa iná ẹ̀rọ kí a lè jẹun, gbogbo ọmọ á gbórí sókè lẹ́ẹ̀kan, wọn á máa wo ara wọn bí ìjọ tí pásítọ̀ wọn ṣàdédé dákẹ́ láàárín ìwàásù.

Obìnrin kúkúrú ni. Ó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ máa ń já a, ó sì máa ń wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní àpò ńlá méjì níwájú. Kò bímọ. Tí ẹnì kan bá káàánú rẹ̀ lórí ìyẹn, á ní kí onítọ̀hún wá bá òun pààrọ̀ ìlédìí ọmọ méjìlá, kí àánú náà lè wúlò.

Bí èèyàn ṣe ń kí àgbà ló ṣe ń kí àwọn ọmọ náà. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ oṣù márùn-ún, á ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Mo fẹ́ gbé yín. Ṣé kí n gbé yín?” Á wá dúró kí onítọ̀hún fún un láyè. Mo bi í nígbà kan pé kí lọmọ tí ò tíì léyín fẹ́ fi ọ̀wọ̀ ṣe. Ó ní ohun tó bá wọlé sínú wọn nísinsìnyí ni wọ́n máa hù jáde lọ́la, pé kí n má sì dààmú, òun á máa kí èmi náà bẹ́ẹ̀ tí mo bá padà di ọmọ ọwọ́.

Ohun tó sọ ọ́ di Dákẹ́-ná nìyí. Ó gbà pé ọmọ ti ní ọ̀rọ̀ sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, pé ẹni tó máa dúró gbọ́ ọ ni kò ní. Tó bá bi ọmọ oṣù mẹ́fà bóyá ebi ń pa á, kò ní ṣe bí àwa yòókù, kó béèrè tán kó tún fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Á dákẹ́. Á máa ká ìka ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi pé mẹ́wàá. Kó tó pé, ọmọ á ta ẹsẹ̀, tàbí kó wo ìgò wàrà, tàbí kó kàn ní “ẹ̀ẹ́.” Màmá á mi orí, á ní òun ti gbọ́. Ìyá tó bá dá sí i kí ìka tó pé, ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa bá a: “Dákẹ́ ná.”

Kò mọ ti ipò. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, wọ́n ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ kan láti yàrá rẹ̀. Àlùfáà bi ọmọ bóyá ó kọ èṣù àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, àwọn òbí ìrìbọmi sì ṣí ìwé láti bá a dáhùn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà ní kíkọ. “Ẹ dákẹ́ ná,” ohùn kan wí láti ẹ̀yìn. Gbogbo ìjọ dákẹ́. Àlùfáà náà dúró, bóyá nítorí ìyanu, bóyá nítorí ìbẹ̀rù. Nígbà tí ìka dé mẹ́fà, ọmọ náà figbe ta, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá ìwé náà bọ́ sílẹ̀. Màmá ní òun ò tíì gbọ́ ìdáhùn tó ṣe tààrà tó bẹ́ẹ̀ sí ìbéèrè yẹn rí.

Màdáàmù tó ni ilé ìtọ́jú ọmọ náà ra ọmọláńgidi olówó gọbọi kan fún yàrá ọmọ ọwọ́. Ó ń kọrin, ó ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ó sì ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀ tó bá kà á tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni Màmá fi wò ó. Ó ní ohun tó ń béèrè, tó ń dáhùn, tó tún ń yin ara rẹ̀, ibo ló fi ọmọ sí? Ó yọ bátìrì rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni aago ara ògiri tó ti kú láti ọdún tó kọjá tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọmọláńgidi sì di ìrọ̀rí.

Ohun ìṣeré tirẹ̀ ni agolo òfìfo, ọmọrí ìkòkò, àti àjákù aṣọ tó ń wá tọrọ lọ́dọ̀ wa: èyí tó ń dán, èyí tó le, èyí tó nírun lára. Á kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé e síwájú ọmọ, á pa ẹnu rẹ̀ dé. Èyí ló bí alábẹ̀wò kan nínú. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ló rán an wá, ó de táì, ó sì bèèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ náà, nítorí òun ò rí lẹ́tà kankan lára ògiri. Màmá ní àwọn ni wọ́n ń kọ́ òun. Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ níwájú ọmọdébìnrin kan tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rìndínlógún, ó bèèrè orúkọ rẹ̀, kò sì tíì mí tán tó fi yíjú sí Màmá pé ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan.

“Ẹ dákẹ́ ná, sà.”

Ó ká ìka kan. Ó ká èkejì. Nígbà tó dé ìkeje, ọmọ náà yọ bisikíìtì tó ti ń lá láti àárọ̀ lẹ́nu, ó nà án sí alábẹ̀wò. Màmá ní kì í fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ ń wo alábẹ̀wò, Màmá ń wò ó, ìka mẹ́ta ṣì nà lókè. Alábẹ̀wò jẹ ẹ́.

Gbogbo èyí dùn ún sọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wúwo ni ti Ọmọ Jórinjórin.

Bàbá ọmọ náà ń jó irin ní ìpẹ̀kun òpópónà. Ìyá rẹ̀ ló jókòó sí ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé tèmi. Ọmọ náà ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ara rẹ̀ yá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó lè to agolo mẹ́sàn-án lé ara wọn láìjẹ́ kí ó wó, ṣùgbọ́n tó o bá pè é, bíi pé ògiri lo pè. Òfin ilé náà sì wà nílẹ̀: ọmọ tó bá pé ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ lè sọ orúkọ rẹ̀, kó sì lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀, kó tó lọ sí kíláàsì ńlá. Èyí tí kò bá lè ṣe é, ilé ló ń lọ. Ilé sì túmọ̀ sí pé kó máa jókòó ti ìyá àgbà rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò jẹ́ kó di ife mú fúnra rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló kù.

Màmá ní kí ọkàn ìyá rẹ̀ balẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kún inú ọmọ náà, ìyá àgbà ni kò jẹ́ kó ráyè sọ ọ́. Bí ìyá àgbà bá sì mú un wá láàárọ̀, ìjà wọn ò ju bákan náà lọ.

“Ó ní òun ti yó,” ìyá àgbà á wí.

“Ta ló ní?”

“Òun náà ni. Ojú ló fi sọ ọ́.”

“Wọn kì í gba ojú ní kíláàsì ńlá,” Màmá á wí, á sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ọ̀rọ̀. Ìka mẹ́wàá. Ogún. Lọ́jọ́ kan ó ká ìka títí dé ọgọ́rùn-ún, gbogbo ọmọ yòókù sì ti sùn lọ. Ọmọ Jórinjórin jókòó níwájú rẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka tirẹ̀. Màmá ní ó ń ronú lọ́wọ́ ni.

Obìnrin kan wà tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Agbálẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá bá Màmá, ó ní garawa bọ́ lọ́wọ́ òun lẹ́yìn ọmọ yìí, kò sì wẹ̀yìn. “Dákẹ́ ná,” Màmá wí, nítorí ó ń ka ìka lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Agbálẹ̀ tún wá. Ó ní òun dúró lẹ́yìn rẹ̀, òun sì pè é títí. “Dákẹ́ ná.” Nígbà kẹta, Màmá dá a lóhùn kó lè lọ. Ó ní etí ọmọ náà dá ṣáká, nítorí bí ẹ̀rọ bá ti dákẹ́ ní aago méjìlá, òun ló ń kọ́kọ́ gbórí sókè. Òótọ́ sì ni. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. A tilẹ̀ máa ń sọ pé kò sí ọmọ tí etí rẹ̀ mú tó tirẹ̀ nínú yàrá náà.

Oṣù mẹ́rin di méjì, méjì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá ọmọ náà ò lè ránṣọ kó gún mọ́. Mo ń bá a tú èyí tó bàjẹ́ kí ọ̀gá má baà rí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá ni Agbálẹ̀ tó sọ ìyókù fún mi, nígbà tí àwa méjèèjì ń kó àga. Ó ní lọ́jọ́ kan, nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, òun lọ dúró níwájú Màmá, òun ní kó gbé ọmọ náà dání, kó sì gun orí fóòmù. Màmá bèèrè pé torí kí ni. Agbálẹ̀ ò dáhùn. Ó fi ìgbálẹ̀ há abíyá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka.

Òfin tí Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nìyẹn, kò lè rú u. Ó gbé ọmọ náà, ó gun orí fóòmù méjì tó wà lórí ara wọn, ó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni tó dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń kùn pé wọ́n ti fẹ́ sọ òun di aláwàdà ní ọjọ́ ogbó.

Ilé iṣẹ́ pa iná. Ariwo ọgọ́rin ẹ̀rọ kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mọ́kànlá gbórí sókè. Ìkejìlá wà láyà Màmá, ó ń fi okùn awò ojú rẹ̀ ṣeré, kò sì dáwọ́ dúró.

Ẹsẹ̀ ló fi ń mọ̀. Ilẹ̀ tó ń gbọ̀n ló ń sọ fún un pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ náà ló ń sọ fún un pé ó ti dákẹ́. Etí ò bá wọn dá sí i. Agbálẹ̀ ní Màmá dúró lórí fóòmù náà títí a fi jẹun tán lápá tiwa, tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀.

Dókítà elétí fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní láti inú oyún ni ọmọ náà kò ti gbọ́ràn, ó sì bèèrè ìdí tí wọn kò fi tètè mú un wá. Ìyá ọmọ náà wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Màmá, tó bá wọn lọ, ló dáhùn. “Èmi ni,” ó wí. “Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró.”

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló kúnlẹ̀. Ìdajì tí mo gbà gbọ́ jẹ́ òótọ́, ìdajì tí mi ò gbà gbọ́ tún wá jẹ́ òótọ́ jù ú lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó ní, “Mo jẹ̀bi yín, sà.” Ó mọ̀ pé kò lè gbọ́. Ó ní Ẹni tó gbọ́ wà níbẹ̀.

Kò tíì dìde. Orí orúnkún náà ló wà tó fi yí sí Agbálẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá bá òun, òun tí òun ń ní kí gbogbo ayé dúró gbọ́ ọmọ ọwọ́, òun ò sì lè dúró gbọ́ àgbà. Ó ní ṣé yóò foríji òun. Agbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó dìde, ó ní ilẹ̀ tutù, ó ní ojú ń ti òun.

“Dákẹ́ ná,” Màmá wí, ó sì ń ká ìka. “Ìdáhùn ni mò ń retí.”

Agbálẹ̀ ní òun jẹ́ kó dé mẹ́sàn-án, torí ọ̀rọ̀ garawa yẹn ṣì ń dun òun.

Mo bi í pé ti bíṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ọwọ́ tí wọ́n ní ọmọ náà gbé lé e lórí. Ó ní awò ojú ló fẹ́ já.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Màmá lọ kọ́ fífi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé àwọn adití, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó jókòó láàárín àwọn ọmọ kékeré. Olùkọ́ ibẹ̀ ní ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Ohun tó bá kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ òní, ọmọ méjìlá á ti mọ̀ ọ́n kó tó di ọ̀sán ọ̀la, nítorí kò fi kọ́ Ọmọ Jórinjórin nìkan. Ó ní ta ni kó máa bá sọ ọ́, ògiri? Bàbá kan wá fẹjọ́ sùn pé ọmọ òun ń fi orí ìka gbá orí ìka nídìí oúnjẹ, ó ní àbí wárápá ni. Màmá ní ó ń ní kí ẹ bu kún un ni.

Ìyá àgbà náà wá kọ́ ọ. Òun ló yára mọ̀ ọ́n jù nínú àwọn àgbà tó kọ́ ọ. Màmá ní kò ya òun lẹ́nu, ẹni tó ti ń ka ojú láti ọjọ́ yìí.

Ní ibojì Màmá, Ọmọ Jórinjórin dúró níwájú. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún báyìí, àga àti tábìlì ló ń kàn, wọ́n sì ní kò sí èyí tó ń mì nínú wọn. Ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Mẹ́fà nínú àwọn tó bá a rá nílẹ̀ yàrá yẹn dúró tì í, wọ́n ń fi ọwọ́ dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa yòókù ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Àlùfáà ti ṣí ẹnu láti máa bá ìsìn lọ, mo sì rí Agbálẹ̀ tó wò ó lójú, àlùfáà sì pa ẹnu dé. A dúró títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.

Ibẹ̀ náà ni màdáàmù ti sọ tirẹ̀. Ó ní iyàn kan wà láàárín òun àti Màmá tí wọn kò jà parí, láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ọjọ́ tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́ta ni. Màmá mú un wá sí ọ́fíìsì, ó ní òun mú ọmọ kíláàsì ńlá wá. Màdáàmù ní òfin ní kó sọ orúkọ rẹ̀. Màmá fọwọ́ kan èjìká ọmọ náà, ọmọ náà sì di ẹ̀ṣẹ́ méjèèjì, ó gbé ọ̀kan lé èkejì bí ẹni ń to agolo. Màmá ní orúkọ tó fún ara rẹ̀ nìyẹn. Màdáàmù ní kò sí olùkọ́ tó gbọ́ irú èdè bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì ńlá. Màmá ní kí wọ́n kọ́ ọ. Ta ló máa kọ́ wọn? Àwọn ọmọ tó ń bá a bọ̀ láti yàrá òun ni. Inú bí màdáàmù. Ó ní ilé ìtọ́jú ọmọ ni òun dá sílẹ̀, kì í ṣe ilé ìwé adití, pé tí òun bá gba ọ̀kan báyìí, kí ni òun fẹ́ sọ fún àwọn òbí tó máa bèèrè pé...

Ọmọ náà fa aṣọ iṣẹ́ Màmá. Ó fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan níwájú ṣòkòtò rẹ̀, ó sì tún un ṣe, nítorí ọ̀rọ̀ náà kánjú.

“Ẹ dákẹ́ ná, màdáàmù,” Màmá wí. “Wọ́n ní àwọn fẹ́ tọ̀.”

Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, àwọn méjèèjì sì jáde. Màdáàmù ní ẹnu òun ṣì là sílẹ̀, gbólóhùn òun ṣì wà lágbede méjì. Ó gbọ́ tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀, ó gbọ́ tí wọ́n jáde, tí wọ́n tún tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ń ká a. Nígbà tó dé mẹ́wàá, ó yọjú lójú fèrèsé. Màmá àti ọmọ náà ti kọjá láàárín ọgbà, wọn kò padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń lọ síbi ilẹ̀kùn kíláàsì ńlá, obìnrin kúkúrú pẹ̀lú aṣọ aláwọ̀ ewé, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ọwọ́ ọmọ náà lè tó tirẹ̀.